Zelinda, Ẹni Tí Ẹ̀rù Ilé Agogo Ń Bà

Gbogbo ará Pietrasola ló mọ ìtàn ìgbéyàwó Fiorenza, títí kan àwọn tí wọn kò tíì bí lọ́jọ́ tó ṣẹlẹ̀. Fadá Quirino ló ń so wọ́n pọ̀ ní iwájú pẹpẹ ṣọ́ọ̀ṣì San Brizio. Ó ti bi Ermete ọkọ ìyàwó bóyá ó gbà láti fẹ́ Fiorenza, Ermete sì ti la ẹnu láti dáhùn, nígbà tí eruku funfun díẹ̀ já bọ́ láti òkè, tó bà lé aṣọ pẹpẹ. Kò ju ohun tí èèyàn lè fi ìka kan gbá dànù lọ. Ṣùgbọ́n Zelinda, tó jókòó sí ìdí ilẹ̀kùn bó ṣe máa ń ṣe, ti rí i. Ó dìde, ó gba àárín ṣọ́ọ̀ṣì wá síwájú láìsáré, ó di ìyàwó lọ́wọ́ mú, ó sì sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ bí ẹni tó ń pe ọmọ wá jẹun, ó ní, "Fiorenza, ó tó. Jẹ́ ká lọ."

Kò sí ẹni tó bi í pé kí ló dé. Ìjọ dìde lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n tú jáde sórí koríko, wọ́n dúró lábẹ́ igi ọ̀pọ̀tọ́, gbogbo wọn na ọrùn sókè, wọ́n ń wo ilé agogo. Ilé agogo kò wó. Afẹ́fẹ́ fẹ́ díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ẹyẹlé kan fi ẹsẹ̀ rìn jáde láti ẹnu ọ̀nà ńlá, gbogbo ìyẹ́ rẹ̀ ti funfun fún eruku, ó sì ń wo ìjọ bí ẹni tí wọ́n jí lójú oorun láìnídìí.

Fadá Quirino parí ìgbéyàwó náà lábẹ́ igi. Nígbà tó tún bi Ermete ní ìbéèrè rẹ̀, Fiorenza ní kó dúró ná, òun náà ní ìbéèrè. Ó ní nígbà tí Màmá Zelinda fa òun jáde, àwọn méjèèjì ló kọ́kọ́ kúrò nídìí pẹpẹ, báwo ló ṣe jẹ́ pé Ermete làwọn bá lábẹ́ igi ọ̀pọ̀tọ́? Ermete ní òun lọ wá ibi tó dára tí ìyàwó òun máa dúró sí ni.

Zelinda ti kú báyìí, ìdí nìyẹn tí àwọn èèyàn fi ń sọ ìtàn náà tí wọ́n sì ń rẹ́rìn-ín gbalasa. Nígbà tó wà láyé, wọ́n máa ń rẹ́rìn-ín náà, àmọ́ wọ́n á kọ́kọ́ gbójú sókè wo ilé agogo.

Obìnrin kúkúrú ni, opó, aṣọ dúdú ló máa ń wọ̀ nígbà gbogbo. Ilé rẹ̀ fara ti ṣọ́ọ̀ṣì débi pé ògiri kan nínú ilé ìdáná rẹ̀, ògiri San Brizio gan-an ni. Lára òkúta tí àwọn ará ayé àtijọ́ tò, ní bí ẹgbẹ̀rin ọdún sẹ́yìn, ló ń gbé àlùbọ́sà kọ́. Ọwọ́ ìyá rẹ̀ ni kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀ṣì wà tẹ́lẹ̀ kó tó bọ́ sọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn fadá ń wá, wọ́n ń lọ, kọ́kọ́rọ́ kò kúrò lójú kan. Tí otútù bá mú, tí òkúta bá ń ké wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ nínú ògiri, Zelinda á fi etí lé e, á máa mi orí bí dókítà tí kò fẹ́ràn ohun tó ń gbọ́.

Nígbà tí Fadá Quirino kọ́kọ́ dé, ọ̀dọ́ ni, ó ti etíkun wá, kò sì bẹ̀rù nǹkan kan. Ó rò pé obìnrin náà fẹ́ mú òun yí ilé ká kí òun lè mọ ibi tí nǹkan wà. Bí wọ́n ṣe lè jáde ni Zelinda fi hàn án. Ó fi ilẹ̀kùn ńlá hàn án, àti ilẹ̀kùn kékeré ọwọ́ ọ̀tún tí wọ́n ń pè ní ilẹ̀kùn òkú, nítorí ibẹ̀ ni wọ́n ń gbé pósí gbà láyé ìjọ́un. Ó ní kò gbọ́dọ̀ wà ní títì láé. Ó ní òkú kì í kánjú, alààyè ló nílò rẹ̀ jù.

Ó tún fi kìnnìún olókùúta méjì tó wà lẹ́nu ọ̀nà hàn án. Kìnnìún kọ̀ọ̀kan di èèyàn kan mú lábẹ́ ẹsẹ̀. Òjò ti jẹ ojú wọn, ṣùgbọ́n èèyàn tó wà lábẹ́ kìnnìún ọwọ́ òsì ṣì ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Fadá ní bóyá ìgbàgbọ́ ló ń múnú rẹ̀ dùn. Zelinda ní rárá, ẹni yìí kò tíì mọ̀ ni.

Ibi tó mú un dé kẹ́yìn ni ìdí ilé agogo. Ògiri náà nípọn bíi ti ilé olódi, fèrèsé rẹ̀ kò ju ibi tí ọfà lè gbà lọ, nítorí nígbà tí wọ́n ń kọ́ ọ, ogun àti olè wà lójú ọ̀nà. Ṣùgbọ́n láti ìsàlẹ̀ dé ibi tí agogo so mọ́, ògiri ti sán. Ojú ibi tó sán náà gba ọwọ́ èèyàn. Zelinda ní kí Fadá ki ọwọ́ bọ̀ ọ́. Ó ki ọwọ́ bọ̀ ọ́. Atẹ́gùn tútù kan fẹ́ sí i lọ́wọ́ láti inú, bí ẹni pé ẹnì kan wà lọ́hùn-ún tó ń mí. "Ẹ ti mọ ara yín nìyẹn," Zelinda wí. Láti ọjọ́ náà, Fadá Quirino kì í bọ́ bàtà mọ́ tó bá fẹ́ gbàdúrà ìrọ̀lẹ́.

Lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn, àwọn àlejò máa ń ti ìlú ńlá wá wo ṣọ́ọ̀ṣì náà, Zelinda ló sì ń sọ ìtàn rẹ̀ fún wọn. Ó mọ ìtàn náà dáadáa. Wàhálà ibẹ̀ ni pé kì í sọ ọ́ bákan náà lẹ́ẹ̀mejì. Bí àwọn àlejò bá níwà, a jẹ́ pé àwọn mọ́ńkì ló fi àdúrà àti orin kọ́ ọ. Bí wọ́n bá ń pariwo, a jẹ́ pé òkúta tí wọ́n tò tẹ̀ bí òṣùmàrè lókè pẹpẹ wó lu àwọn tó ń tò ó, wọ́n tún un tò, ó tún wó, títí tí wọ́n fi mọ ọ̀gá àwọn agbẹ́kùúta mọ́ inú ògiri láàyè, tí ògiri sì gbà. Tí ẹnì kan bá bèèrè ibi tí wọ́n mọ ọkùnrin náà mọ́, Zelinda á wo ibi tí ẹni náà fara tì.

Òpó méjì ló wà níwájú pẹpẹ, wọn kò sì jọra. Ọ̀kan jẹ́ òkúta aláwọ̀ eérú tí wọ́n gbẹ́ lórí òkè níbẹ̀. Èkejì jẹ́ mábù tó ń dán, tí wọ́n wọ́ wá láti ilé òrìṣà àwọn ará Róòmù àtijọ́ tó ti wó sí ìsàlẹ̀ àfonífojì. Òtítọ́ lèyí, ó wà nínú ìwé. Ohun tí kò sí nínú ìwé ni pé òpó mábù náà ń bínú. Zelinda ní wọn kò gba ìyọ̀ǹda lọ́wọ́ rẹ̀ kí wọ́n tó gbé e wá sílé Ọlọ́run ẹlòmíràn. Ọkùnrin kan tó wá láti Milan fi í ṣe yẹ̀yẹ́, ó ní kí wá ni òpó tó ń bínú máa ń ṣe.

"Ó ń dúró ni," Zelinda dá a lóhùn.

Ọkùnrin náà rò ó lọ, ó rò ó bọ̀, ó sì jáde lọ dúró de ìyàwó rẹ̀ nídìí mọ́tò.

Ògiri ọwọ́ òsì ló wá burú jù. Ibẹ̀ ni ayàwòrán kan tí kò sẹ́ni tó mọ orúkọ rẹ̀ ti kun Ọjọ́ Ìdájọ́ sí. Omi ti jẹ ìdajì ọ̀run, ṣùgbọ́n kò kan ọ̀run àpáàdì rárá. Ojú Olúwa ti pa rẹ́, ọwọ́ rẹ̀ nìkan ló kù, ó ń nàka. Àwọn èṣù ń dán bí ẹni pé àná ni wọ́n kùn wọ́n. Zelinda sì ti fún gbogbo ẹni tó wà nínú iná ní orúkọ, bàbá àgbà ẹni tó bá sì ṣẹ̀ ẹ́ ló máa ń fi síbẹ̀. Ovidio alápatà tà á ní ẹran líle lọ́sẹ̀ kan. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ Sunday, gbogbo ìlú ti gbọ́ pé bàbá àgbà Ovidio lẹni tí èṣù aláwọ̀ ewé ń fi irin gún ní ìdí.

Ovidio rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, kò lè gbójú sókè nígbà Mísà. Ó sọ fún Fadá pé òun mọ̀ pé irọ́ ni, síbẹ̀ imú ẹni inú iná náà jọ imú ìdílé àwọn. Nígbà tó yá, ó gbé itan ọ̀dọ́ àgùntàn kan lọ sílé Zelinda láìsọ ìdí, Zelinda sì gbà á láìbèèrè. Lọ́jọ́ Sunday, Zelinda fi bàbá àgbà náà hàn án lápá ọ̀run, láàárín àwọn tó ń kọrin. Fadá Quirino pe Zelinda sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ní irú kí leléyìí, báwo ni èèyàn ṣe ń kúrò nínú iná lọ sí ọ̀run lórí ògiri kan ṣoṣo. Zelinda ní bàbá náà ti ronú pìwà dà.

Ní ti ilẹ̀kùn, kò gbà kí wọ́n tì wọ́n nígbà Mísà, ì báà jẹ́ pé òjò dídì ń já wọlé. Àwọn arúgbó ń jókòó sí ìdí ilẹ̀kùn òkú, àwọn tó ní ọmọ ọwọ́ ń jókòó sẹ́yìn, ẹnikẹ́ni kò sì gbọ́dọ̀ gbé nǹkan kan sí àárín. Tí Mísà bá parí, ó máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà, á máa lé wọn jáde bí ẹni tó ń da àgùntàn. Bó ṣe ń lé aláàárẹ̀ ló ń lé alágbára. Nígbà tí Bíṣọ́ọ̀bù wá bẹ̀ wọ́n wò nínú oṣù January, Fadá bẹ Zelinda pé kó jẹ́ kí wọ́n ti ilẹ̀kùn lọ́jọ́ yẹn nìkan. Zelinda ní òun ti gbọ́. Àṣé gbígbọ́ ló gbọ́, kò gbà. Nígbà tí wọ́n fẹ́ tì í, wọ́n rí i pé ó ti gbé àga rẹ̀ sí ojú ìloro, ó sì na ẹsẹ̀ síta. Eyín Bíṣọ́ọ̀bù ń lu ara wọn. Ó rọra bi Fadá pé ta ni ìyá yìí.

"Apá kan lára ilé náà ni, Olúwa mi," Fadá wí.

Ìjọba wá rán ayàwòrán-ilé kan sí wọn, obìnrin kan tó ń jẹ́ Ottavia, kó wá yẹ ṣọ́ọ̀ṣì náà wò. Zelinda ti dúró dè é láti ọdún gbọọrọ. Ó mú un lọ síbi tí ilé agogo ti sán, ó ní kóun náà ki ọwọ́ bọ̀ ọ́. Ottavia wò ó, ó wọn ọ́n, ó gun òkè, ó sọ̀ kalẹ̀. Ó ní ibi tó sán náà ti pẹ́ gan-an, kò sì tún fẹ̀ sí i mọ́, àwọn tó kọ́ ilé agogo náà mọ iṣẹ́ wọn. Ó ní ohun tó ń ba òun lẹ́rù ni òrùlé. Òrùlé onígi ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, fúyẹ́fúyẹ́, ṣùgbọ́n ní nǹkan bí ogójì ọdún sẹ́yìn àwọn kan ti yọ igi náà kúrò, wọ́n sì da kọnkéré lé orí ògiri àtijọ́. Ó ní bí ilẹ̀ bá mì, ògiri máa yà sọ́tùn-ún, yà sósì, òrùlé á sì já wálẹ̀ odindi.

Ojú Zelinda yí padà. Nazzareno ọkọ rẹ̀ ni olórí àwọn tó da kọnkéré náà. Ẹ̀ẹ̀rùn ọdún tí wọ́n fẹ́ ara wọn ni wọ́n ṣe é, ó sì máa ń gbé oúnjẹ gun àkàbà lọ bá a lókè. Ó sọ fún Ottavia pé nínú gbogbo ilé yìí, òrùlé yẹn nìkan ni òun lè sùn sábẹ́ rẹ̀. Ottavia sọ̀rọ̀ títí, ó fi ìkọ̀wé ya bó ṣe máa rí, Zelinda kò wò ó. Fadá Quirino tó dúró sáàárín wọn gbọ́ ẹnu àwọn méjèèjì. Tẹ́lẹ̀, apá ilé agogo nìkan ló ń bẹ̀rù. Láti ọjọ́ yẹn, kò sí ibi tó lè dúró sí mọ́.

Ìgbà ìwọ́wé ni ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Díẹ̀díẹ̀ ni. Ife á dún lórí pẹpẹ ìdáná, iná á máa fì lókè àjà, lẹ́yìn náà gbogbo ẹ̀ á dákẹ́. Àwọn ajá kò wọlé sùn mọ́. Àwọn èèyàn ń wọ aṣọ òtútù sùn kí wọ́n lè tètè sá jáde. Kò sẹ́ni tó ń fi Zelinda ṣe ẹ̀fẹ̀ mọ́, òun náà kò sì lé ẹnikẹ́ni mọ́, ó kàn ń lọ ó ń bọ̀ láàárín ilé rẹ̀ àti ìdí ilé agogo. Fadá Quirino ránṣẹ́ sí Ottavia pé kó tètè padà wá. Kó tó dé, àjọ̀dún San Brizio ti pé.

Fadá fẹ́ ṣe Mísà níta. Òjò líle ló ń rọ̀, àwọn arúgbó sì ti dé. Ó lọ bá Zelinda, òun pẹ̀lú ẹ̀rù tó ń bà á, ó bi í pé kí làwọn máa ṣe. Zelinda ronú. Ó ní kí wọ́n wọlé, kí Mísà ṣe ráńpẹ́, ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má jókòó nítòsí ilé agogo, kí gbogbo wọn kó ara wọn jọ sí àárín. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe. Abẹ́ òrùlé Nazzareno gan-an ni wọ́n jókòó sí.

Fadá ń ka Ìhìn Rere lọ́wọ́ nígbà tí ohùn kan dìde láti abẹ́ ilẹ̀, ohùn tó wúwo bí ìgbà tí ọkọ̀ akẹ́rù ńlá kan ń gun òkè bọ̀ nísàlẹ̀ ẹsẹ̀ wọn. Zelinda dìde. "Ó tó," ló sọ, kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kò sẹ́ni tó kígbe, kò sẹ́ni tó wá àpò rẹ̀. Ẹsẹ̀ wọn ti mọ ọ̀nà. Àwọn arúgbó gba ilẹ̀kùn òkú, àwọn ọlọ́mọ gba ẹ̀yìn, Ovidio gbé ìyá arọ kan lé èjìká, Ermete sì di ìyàwó rẹ̀ lọ́wọ́ mú lọ́tẹ̀ yìí. Àbẹ́là ń ṣubú. Àwọn ẹni inú iná ń mì lára ògiri bí ẹni pé wọ́n fẹ́ bọ́ sílẹ̀.

Fadá Quirino nìkan ni kò jáde. Ó di pẹpẹ mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, ojú rẹ̀ wà lára òpó mábù, kò sì lè kúrò. Ó rí i pé ilẹ̀kùn òkú ṣókùnkùn, ó rò pé òpin ti dé. Àṣé Zelinda ló ń padà wọlé. Eruku ti bo ìborí rẹ̀. Ó gbá aṣọ Mísà Fadá mú láyà.

"Ṣé kí n lọ sọ fún wọn níta pé Fadá ṣì ń kàwé lọ́wọ́ ni?"

Ó fà á. Obìnrin tí kò ga dé èjìká rẹ̀ fà á kọjá ilẹ̀kùn náà bí àpò ọkà. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ koríko ni òrùlé wálẹ̀, odindi, gẹ́gẹ́ bí Ottavia ṣe wí. Ariwo rẹ̀ kò jọ ariwo kankan tí Fadá Quirino tíì gbọ́ rí, ìdákẹ́jẹ́ tó tẹ̀ lé e sì burú jù ú lọ.

Nígbà tí eruku rọlẹ̀, wọ́n rí i pé gbogbo wọn ló wà níbẹ̀, wọ́n tutù, wọ́n funfun, wọ́n ń gbọ̀n nínú òjò. Ilé agogo dúró ṣánṣán. Kò yẹ̀ sọ́tùn-ún, kò yẹ̀ sósì, agogo rẹ̀ ń dún díẹ̀díẹ̀ fúnra rẹ̀. Zelinda wò ó títí. Gbogbo ìlú ń retí ohun tó máa sọ.

"Ìwọ yìí," ló wí nígbẹ̀yìn, "o ò tiẹ̀ tijú."

Ẹ̀rín bú jáde lẹ́nu wọn, ẹ̀rín tó pọ̀ mọ́ ẹkún, àwọn kan jókòó sílẹ̀ nínú ẹrẹ̀. Ṣùgbọ́n Zelinda ti yíjú sí ọ̀gangan ibi tí kọnkéré náà dùbúlẹ̀ sí, lórí àwọn àga tí òun fúnra rẹ̀ ní kí wọ́n jókòó sí. Fadá Quirino jókòó tì í lórí koríko.

"Nazzareno ló ṣe é," Zelinda wí.

"Ó dúró títí gbogbo wa fi jáde, Màmá," Fadá wí.

Zelinda rò ó. Ó nu ojú rẹ̀ pẹ̀lú etí ìborí. Ó ní Nazzareno kì í yára sí nǹkan kan láyé rẹ̀, ìwà náà ti bí òun nínú rí, àmọ́ lónìí òun dúpẹ́.

Ìjọba kó wọn sínú àwọn ilé onípákó nísàlẹ̀ òkè. Zelinda kò fẹ́ràn tirẹ̀, ó ní kò dún, ó ní ilé tí kò dún kò ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé. Lọ́sàn-án, ó máa ń gbé àga lọ sí ẹ̀gbẹ́ okùn tí wọ́n ta yí ṣọ́ọ̀ṣì ká, á jókòó, á sì dojú kọ ilé agogo tí wọ́n ti fi irin dè ní ìbàdí. Fadá Quirino fi dá a lápàárá lọ́jọ́ kan pé ó ti ba ilé aláìṣẹ̀ lórúkọ jẹ́ fún odindi ọdún gbọọrọ. Zelinda wò ó bí ẹni tó ń wo ọmọdé. Ó ní tí òun kò bá ṣọ́ ọ, ṣé ó rò pé á dúró ni?

Ìba àti ikọ́ ló dá a dùbúlẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ìgbà ìrúwé kejì lẹ́yìn náà. Fadá gbé òróró mímọ́ lọ bá a lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Oòrùn wọlé sórí ibùsùn. Zelinda ti kéré gan-an, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ mọ́ kedere. Fadá ti jókòó ti ọ̀pọ̀ èèyàn tó ń kú lọ, ó mọ ohun tí wọ́n máa ń fẹ́ gbọ́, síbẹ̀ ìbéèrè ló jáde lẹ́nu rẹ̀, ó ní ṣé ẹ̀rù ń bà á.

"Mo ti bẹ̀rù tán, Fadá," Zelinda wí. "Ó ku ẹ̀yin."

Fadá rẹ́rìn-ín, kò sì mọ ìgbà tí ẹ̀rín náà di ẹkún. Ó di ọwọ́ Zelinda mú títí oòrùn fi kúrò lórí ibùsùn.

Gbogbo Pietrasola ló sìn ín dé ibi ìsìnkú lórí òkè. Nígbà tí wọ́n bò ó tán, Ovidio ló bẹ̀rẹ̀, ó sọ ti itan àgùntàn. Fiorenza sọ tirẹ̀, Ermete sì tún gbèjà ara rẹ̀. Ẹnì kan sọ ti Bíṣọ́ọ̀bù. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn, lẹ́yìn náà ẹ̀rín wálẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, afẹ́fẹ́ tútù sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè. Kò sẹ́ni tó gbé ẹsẹ̀. Fadá Quirino gbàdúrà ìkẹyìn, ó pa ìwé rẹ̀ dé. Ó mọ̀ pé ó yẹ kí òun ní kí wọ́n máa lọ sílé, nítorí àwọn arúgbó wà láàárín wọn, ilẹ̀ sì ti ń ṣú. Kò rí i sọ. Òun náà ń dúró kí ẹnì kan wá lé wọn.